Ẹnu hard disk já: ṣé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn?

Ìsẹ́yìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo kan lẹ́yìn mi tó ń lọ kàkà-kàkà, òfì ni. Aládùúgbò mi ló ń hun aṣọ òkè, mi ò sì lè ní kó dáwọ́ iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ dúró torí pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

Hard disk ni ọ̀rọ̀ tòní, pàápàá èyí tá à ń gbé kiri tá à ń pè ní external, tí ẹnu rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹnu ni mo pè é o, ihò pẹlẹbẹ tí wáyà ń wọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe. Nínú gbogbo hard disk tí àwọn ènìyàn ń gbé wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú, èyí tí ẹnu rẹ̀ já ni mo máa ń fẹ́ràn láti rí jù. Kì í ṣe pé mo ń fi ìyà oníyà ṣe ayọ̀. Nínú gbogbo àìsàn tó lè ṣe hard disk, ìwòsàn èyí ló sún mọ́ tòsí jù, bí ẹni tó ni ín kò bá tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ńlá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan wà. Inú hard disk, àwo pẹlẹbẹ tó ń dán bíi dígí ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ external kékeré, àwo yìí máa ń yí nígbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan nà sórí rẹ̀ bí ọwọ́ grámófóònù ayé àwọn bàbá wa, àmọ́ orí tó wà lẹ́nu ọwọ́ náà kò fara kan àwo rárá. Ńṣe ló ń fò lórí atẹ́gùn, àlàfo tó wà láàárín òun àti àwo kò sì tó ìdá kan nínú 5,000 sísanra ẹyọ irun orí kan. Orí àwo yẹn ni fótò yín wà. Ibẹ̀ ni fídíò ìgbéyàwó wà, ibẹ̀ ni project tí ẹ ti ń kọ láti ọdún tó kọjá wà.

Lábẹ́ gbogbo ìyẹn, níta, bóòdù aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró kan wà tí wọ́n fi súkúrù dè mọ́ ọn. Òun ló ń darí mọ́tò, òun ló ń gba ohun tí orí yẹn kà, tó ń sọ ọ́ di èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́. Etí bóòdù yìí ni ẹnu wà. Tí ẹnu bá já, bóòdù ló fara pa. Àwo kò mọ nǹkan kan sí i.

Ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ lórí èyí wá láti ojú ọ̀run. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 2003, ọkọ̀ Columbia ti NASA ní Amẹ́ríkà fọ́ sójú òfurufú bó ṣe ń bọ̀ wá sílé ayé, àwọn 7 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Hard disk kan wà nínú ọkọ̀ náà tí wọ́n fi tọ́jú ìwádìí kan nípa gáàsì tí wọ́n ń pè ní xenon. Ó já bọ́ láti òkè yẹn, nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí i, nínú adágún omi kan tó ti gbẹ. Ara rẹ̀ ti jó, ohunkóhun tó jẹ́ rọ́bà lára rẹ̀ ti yọ́. Wọ́n gbé e fún ilé-iṣẹ́ Kroll Ontrack. Wọ́n yọ àwọn àwo rẹ̀, wọ́n fọ̀ wọ́n mọ́, wọ́n gbé wọn sínú ara hard disk mìíràn, wọ́n sì rí nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 ohun tó wà níbẹ̀ kó jáde. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ náà tẹ èsì ìwádìí wọn jáde nínú ìwé Physical Review E.

Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ńlá nìyẹn o. Mi ò lè ṣe é lórí tábìlì mi, ẹ má sì gbé hard disk tó jóná wá bá mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tó ti ojú ọ̀run já bọ́ ṣì rántí ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Tiyín ńkọ́, tó jẹ́ pé ọmọ kékeré kan ló sáré kọjá tó sì fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà?

Ó dáa. Ó ti ṣẹlẹ̀. Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí kí ẹ tó fura sí ẹnu, torí wáyà ló ń tètè kú jù. Ẹ yá ti ẹlòmíràn, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀ yá, ẹ wo ẹnu external yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹnu fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó pín sí méjì, apá kan fẹ̀, apá kejì kéré. Apá tó fẹ̀ yẹn, wáyà Android àtijọ́ wọ inú rẹ̀! Wáyà tá à ń lò fún fóònù kí Type-C tó dé, òun gan-an. Ẹ tì í bọ apá tó fẹ̀ nìkan, kí ẹ fi apá kékeré sílẹ̀ lófìfo, hard disk náà á ṣí. Kò ní yára, torí apá kékeré yẹn ló ń gbé eré sísá USB 3.0. Àmọ́ iná àti ọ̀nà àtijọ́ tó ń gbé fáìlì kọjá, apá tó fẹ̀ ni méjèèjì wà. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé apá kékeré nìkan ló ṣẹ́, tó ti gbà pé gbogbo rẹ̀ ti parí, tó sì jẹ́ pé wáyà fóònù ìyá rẹ̀ ló yọ ọ́. Kí ẹ kàn rí i pé wáyà náà kì í ṣe èyí tó jẹ́ pé charge nìkan ló mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé etí sún mọ́ ọn. Bí àwo bá ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi fáànù tó jìnnà, ara rẹ̀ dá. Bó bá ń ṣe tà… tà… tà… bí ẹni ń fi èékánná lu tábìlì, ẹ yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í ṣe ẹnu nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Orí tó ń kàwé inú àwo ló ní ìṣòro, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá sì fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè máa ha àwo. Ìyẹn kúrò lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀yin, ó di ti àwọn tó ní yàrá tí eruku kì í wọ̀.

Àwọn ohun tí mo máa ń bá lára hard disk tí wọ́n bá gbé dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ ò ní gbàgbọ́. Ẹlòmíràn á fi rọ́bà de wáyà mọ́ ọn, á tẹ̀ ẹ́ wọ̀ ní ìdákejì, á gbé Bíbélì tàbí bíríkì lé e kó má baà mì. Ó sì lè ṣí lóòótọ́! Ìgbà tó bá ṣí yẹn gan-an ni ewu wà. Bí iná bá ń já tó ń padà, tó ń já tó ń padà, nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lọ́wọ́, ìwé tí hard disk fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lè dàrú. Nígbà náà ni Windows á wá bèèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ fẹ́ format rẹ̀. Ẹ dáhùn rárá. Bó bá bèèrè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, rárá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá ní òun fẹ́ bá yín tún un ṣe, rárá náà ni, títí a ó fi rí ẹ̀dà rẹ̀ kó síbòmíràn.

Ní báyìí, ká ní ẹnu náà ti já lóòótọ́. A ó ṣí páálí rọ́bà tó bò ó. Mi ò ní ká ṣí ara onírin hard disk náà o. Ẹ má ṣí ìyẹn láéláé nínú ilé, pàápàá níhìn-ín ní Òkè-Ògùn, níbi tí eruku ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ohun tí a bá bá nínú páálí yẹn ló máa pinnu bóyá iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni tàbí iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Bí ẹ bá ní oríire, ẹ ó rí bóòdù kékeré kan tí kò ju ìka méjì lọ, òun ló gbé ẹnu USB, òun náà sì kàn jókòó sí ẹnu gidi ti hard disk. Ẹnu gidi yìí ni SATA, irú èyí tó wà nínú laptop. Bóòdù kékeré yẹn dà bí agbódegbà tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ fà á yọ, ẹ gbé hard disk sí wáyà SATA tó ní USB lẹ́nu kejì, tàbí sínú laptop mìíràn, ó parí. Ọ̀pọ̀ external Seagate ni mo ti bá irú rẹ̀ nínú wọn. Mi ò kì í gba owó ńlá lórí ìyẹn, ojú máa ń tì mí.

Irú kejì kò ní agbódegbà. Wọ́n jó ẹnu USB mọ́ bóòdù ńlá fúnra rẹ̀, kò sí SATA kankan níbẹ̀. Kí nǹkan náà lè tẹ́ẹ́rẹ́, kí owó rẹ̀ sì dínkù ni wọ́n ṣe ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹnu náà jókòó sórí bàbà tó fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ, torí náà tí wáyà bá fà á, ẹnu á já tòun ti bàbà tó dúró lé. Ó tún ku ohun kan. Ọ̀pọ̀ nínú WD My Passport, bóòdù wọn máa ń pa àrokò sí ohun gbogbo kó tó kọ ọ́ sórí àwo, yálà ẹ fi password sí i tàbí ẹ kò fi sí i. Bóòdù yẹn nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ju bóòdù yẹn nù.

Irú kejì yìí ni ọ̀dọ́kùnrin kan gbé wá bá mi. Ó máa ń ya fídíò ìnáwó káàkiri, láti Òkèihò títí dé Kísì. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ìdílé kan níbí ní Ìsẹ́yìn bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó ti bàbá wọn, kó jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀. Ahunṣọ ni bàbá náà látìgbà èwe. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń fi èlú pa òwú ẹ̀tù láró, ó sọ bí wọ́n ṣe ń rí òwú sányán kí òwú ilé ìtajà tó gba ọjà, ó sì ki oríkì ilé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí kò sí ọmọ kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n tán. Ọ̀dọ́kùnrin yìí kó fídíò náà sínú hard disk, ó lo memory card fún ìgbéyàwó mìíràn. Kò tíì gé e, kò tíì fún wọn. Bàbá kú. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú ni ẹnìkan fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà níbi tó ti ń wá fídíò náà jáde. Ọjọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ ọ.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹnìkan ní ìlú mìíràn. Onítọ̀hún fi super glue lẹ ẹnu náà padà. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, ó ní kó ra external mìíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, ó yọ bóòdù tuntun, ó gbé e sábẹ́ ti àtijọ́. Àwo yí, kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan.

Ìdí tí kò fi lè rí nǹkan nìyí. Hard disk méjì lè jáde lọ́jọ́ kan náà láti ilé-iṣẹ́ kan náà, kí wọ́n má bá ara wọn mu. Wọ́n máa ń wọn orí àti àwo kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á wá kọ ìwọ̀n yẹn sínú ẹ̀yà kékeré kan lórí bóòdù, nínú ọ̀pọ̀ wọn ó jẹ́ ẹ̀yà dúdú tó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Bóòdù tuntun gbé ìwọ̀n hard disk ẹlòmíràn wá. Ó dà bí kí ẹ wọ dígí ojú tí wọ́n ṣe fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ bóòdù gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀yà yẹn láti ara ti àtijọ́ sí tuntun. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọ̀dọ́kùnrin náà fi bóòdù àtijọ́ sínú nylon, kò jù ú nù.

Òun àti ọmọbìnrin bàbá náà ni wọ́n jọ wá. Màmá ni mo pè é, ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe." Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó ná. Màmá kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé inú nǹkan dúdú yìí ni ohùn bàbá mi wà?" Mo ní, "Bó bá ti wà níbẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó já, ó ṣì wà níbẹ̀, mà." Mi ò lè ṣèlérí ju ìyẹn lọ, torí ẹ̀rù super glue yẹn ń bà mí.

Níta, láìsí lára hard disk rárá, ni mo ti ṣiṣẹ́ lórí bóòdù àtijọ́ náà, kí ooru iná má baà dé ibòmíràn. Mo fi acetone, omi tí àwọn obìnrin fi ń nu cutex kúrò ní èékánná, rin òwú tó wà lórí igi ìnutí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gúlù náà díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ yẹn nìkan gba ọ̀sán kan. Nígbà tó mọ́, mo fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ní, àmọ́ mẹ́rin péré la nílò: iná, ilẹ̀, àti ọ̀nà méjì tí fáìlì ń gbà kọjá ní USB 2.0. Ti iná àti ti ilẹ̀ ṣì wà lára bóòdù. Àwọn méjì tó kù ti bá super glue lọ, bàbà wọn ti ṣí kúrò bí èèpo àlùbọ́sà.

Bàbà tó já kò wá láti inú afẹ́fẹ́, ó ní ibi tó ń lọ. Mo tẹ̀ lé ipa rẹ̀ lórí bóòdù títí mo fi kan àmì roboto kékeré méjì tí àwọn tó ṣe bóòdù máa ń fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Mo gé wáyà USB àtijọ́ kan. Ẹ̀yin tó ti gé e rí mọ̀ ọ́n, wáyà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pupa fún iná, dúdú fún ilẹ̀, funfun àti àwọ̀ ewé fún ọ̀rọ̀. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ibi tó yẹ kọ̀ọ̀kan, funfun àti àwọ̀ ewé gùn dọ́gba, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n gùn púpọ̀. Mo fi gúlù gbígbóná mú wáyà náà mọ́ etí bóòdù kó má baà fà. Kí n tó fi iná sí i, mo fi mítà wò ó bóyá pupa àti dúdú fara kan ara wọn níbì kan. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, tàbí tó gbé pupa sí ibi dúdú, iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe ẹnu mọ́, bóòdù ló ń lọ tún ṣe.

Mo dè é padà, mo tì í bọ laptop. Ó yí, ohùn rẹ̀ tutù. Orúkọ rẹ̀ jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ́kùnrin náà fò sókè, mo ní kó jókòó, kó má fẹsẹ̀ kọ́ wáyà lẹ́ẹ̀kejì.

Níbí ni mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan jiyàn. Òfin ni pé kí a kọ́kọ́ da gbogbo hard disk náà kọ odindi kí a tó fọwọ́ kan fáìlì kankan, mo sì fara mọ́ ọn bí ara hard disk bá ń ṣàìsàn. Èyí kò ṣàìsàn, ẹnu ló já. Wáyà tí mo jó mọ́ ọn ló lè já nígbàkígbà. Torí náà, fídíò bàbá ni mo kọ́kọ́ mú. Gígábáìtì 18 ni, eré tó ń sá sì tó mẹ́gábáìtì 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà. Màmá ń wo ìlà tó ń kún lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń wo omi lórí iná.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe ti òfin. Mo lo ddrescue, ọ̀fẹ́ ni, Antonio Diaz Diaz ló kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ fún àwa tí iná wa kì í dúró ni pé ó ń kọ ibi tó dé sínú ìwé kékeré kan. Bí iná bá lọ, bí wáyà bá já, ẹ tún un so, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Bó bá kan ibi tó ṣòro kà, kì í bá a jà, á fò ó, á kó gbogbo ohun tó rọrùn tán, á tó padà wá sí i. Gígábáìtì 700 ló kù, ó lé ní wákàtí mẹ́fà. Batiri inverter ni mo fi ṣe é, mi ò fi jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe é, torí iná ti jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń lọ sókè-sódò. Mẹ́gábáìtì mẹ́ta péré ni kò rí kà, inú fídíò ìgbéyàwó kan sì ni. Ẹni tó ṣègbéyàwó kò tíì mọ̀.

Bí ìwé inú hard disk bá ti dàrú, tí orúkọ fáìlì kò sí mọ́, TestDisk àti PhotoRec wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n náà, Christophe Grenier ló ṣe wọ́n. PhotoRec á bá yín rí fótò àti fídíò, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò ní padà wá, ẹ ó máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Hard disk mìíràn ni kí ẹ máa kó ohun tó bá rí sí. Bí ẹ bá kó o padà sórí èyí tí ẹ ń gbà là, ẹ̀ ń kọ̀wé lé orí ohun tí ẹ ń wá.

Fídíò yẹn jáde lọ́jọ́ fìdáù. Kí Màmá tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ tó wá gbà á, ó ní kí n fi sínú fóònù òun, sínú fóònù ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn nípa WhatsApp, àti sínú flash méjì. Ti WhatsApp yẹn, mo ṣàlàyé fún un pé ó máa ń fún fídíò pọ̀ tí kò ní mọ́ dáadáa, mo sì fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, ní gígé kéékèèké.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọyẹ́ kún un, torí àwọn tó ń fi YouTube kọ́ iṣẹ́ láti ìlú òtútù kì í sọ fún yín. Ní àsìkò ọyẹ́ níhìn-ín, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé bí ẹ bá bọ́ aṣọ nylon lóru, ẹ ó gbọ́ tó ń ta pàrà-pàrà. Iná ni. Kò lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè pa ẹ̀yà tó wà lórí bóòdù hard disk láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ fọwọ́ kan irin tó kanlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòdù, ẹ di etí rẹ̀ mú. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku inú ihò USB, itọ́ ló ń bá atẹ́gùn yẹn lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi hard disk ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ má fún awakọ̀ ní gáréèjì láti jù sí bọ́ọ̀tù pẹ̀lú àpò iṣu. Ẹ wé e sínú fóòmù, kí ènìyàn gbé e lé ẹsẹ̀.

Ó dá mi lójú pé ẹnìkan ti ń sọ pé, "Èmi ò ní hard disk, fóònù nìkan ni mo ní." Ẹnu fóònù náà ń já, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ yín ti ń pàdánù nǹkan. Bí ẹnu charge bá ti ń ṣe ségesège, tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ wáyà sí ẹ̀gbẹ́ kó tó gbà á, tí batiri sì ku ìdá 30 nínú 100, ẹ má fi ìyẹn wo TikTok. Ẹ lo ohun tó kù láti fi Quick Share kó fótò sínú fóònù ẹlòmíràn, tàbí kí ẹ wá Wi-Fi kí ẹ gbé wọn sí Google Photos. Wi-Fi kò nílò ẹnu. Àwọn fóònù kan tún wà tó ń gba charge láìlo wáyà, ẹ wò ó bóyá tiyín wà nínú wọn.

Bó bá ti kú pátápátá, ẹ fọkàn balẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Android, orí bóòdù kékeré kan nísàlẹ̀ ni ẹnu charge wà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, kò kan ibi tí fótò wà rárá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ yọ ẹ̀yà memory fóònù yín lọ sínú fóònù mìíràn láti ka ohun tó wà níbẹ̀, ẹ gba fóònù yín lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo fóònù tó jáde pẹ̀lú Android 10 síwájú ló ti pa àrokò sí ohun inú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára bóòdù fóònù yẹn gan-an àti nínú PIN yín. Bóòdù yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ jí dìde. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ flash rẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́, ẹ bi í léèrè ní ojú ara yín: "Bọ̀ọ̀dá, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá flash ẹ̀, ṣé fótò mi á ṣì wà níbẹ̀?" Kí ẹ máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, memory card tó ń sọ pé òfìfo lòun nígbà tó kún ni mo máa gbé wá. Aládùúgbò mi ti dáwọ́ òfì dúró, ilẹ̀ ti ṣú. Ó dàárọ̀ o.